Kí Ẹ Tó Pe Ilé Kan Ní Gọ́tíìkì, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Ẹrù Rẹ̀ Ń Gbà Délẹ̀

Ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá ilé àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀: eléyìí ní ère áńgẹ́lì, tọ̀hún ní fèrèsé ṣóńṣó, wọ́n á ní Gọ́tíìkì ni, ìyẹn àrà ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì kan láyé àtijọ́. Ọ̀ṣọ́ sì ń tanni jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè fi símẹ́ǹtì mọ òpó Gíríìkì síwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí. Ọ̀nà tí ẹrù òrùlé ń gbà dé ìpìlẹ̀ ni kì í parọ́. Bí ọ̀nà yẹn bá ti yí padà, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ti bíríkìlà, títí dórí ti ayàwòrán, á yí tẹ̀ lé e.

Ní Átẹ́ńsì, wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì Pátẹ́nọ́nì láàárín ọdún 447 sí 432 ṣáájú ìbí Jésù. Òpó 8 ló wà níwájú, 17 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sún mọ́ra gan-an. Ó ní ìdí. Òkúta lágbára bí a bá gbé ẹrù lé e lórí, ṣùgbọ́n bí a bá fi dábùú òpó méjì, abẹ́ rẹ̀ á máa fẹ́ fà ya, àárín ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò sì ti kọ́kọ́ sán. Bíríkìlà tó ti da líńtẹ̀lì láìfi irin sísàlẹ̀ rẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí. Bí àwọn Gíríìkì bá fẹ́ òkúta tí kò ní ṣẹ́, àfi kí òpó sún mọ́ òpó.

Àwọn ará Róòmù bọ́ nínú èyí pẹ̀lú ááṣì, ìyẹn òkúta tàbí bíríkì tí a tò ní títẹ̀ kí kálukú máa ti ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n tún ní kọnkéré. Òrùlé tẹ́ńpìlì Páńtíọ́nì ní Róòmù, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 126, dà bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé. Ó fẹ̀ tó mítà 43, kò sì ní irin kankan nínú. Òkúta tó wúwo ni wọ́n pò mọ́ kọnkéré ìsàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ jù ni wọ́n lò lókè pátápátá. Ògiri tó gbé e nípọn tó mítà 6.

Ìnípọn ògiri yẹn ni owó tí ááṣì ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ááṣì kì í gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ tààrà. Ó máa ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta. Bí ògiri bá tín-ín-rín, á ṣí sẹ́yìn, òrùlé á sì já wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń pè ní Rómánẹ́sìkì, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1150, fi ní ògiri ràgàjì, fèrèsé pẹ́pẹ́pẹ́, tí inú wọn sì ṣókùnkùn. Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀: gíga ááṣì rìbìtì kò lè ju ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Àlàfo mítà 10 á fún yín ní gíga mítà 5. Àlàfo mítà 6, mítà 3 péré. Bí yàrá bá gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, orí àwọn ááṣì kò ní dọ́gba.

Ááṣì ṣóńṣó ló yanjú èyí. Ẹ lè gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan fífẹ̀ rẹ̀, agbára tó fi ń ti ògiri síta náà sì dín kù. Àwọn tó kọ́ kàtídírà Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1093, ti ń fi egungun òkúta gba abẹ́ òrùlé kọjá, kí ẹrù lè kórí jọ sí igun mẹ́rin dípò kó tẹ gbogbo ògiri. Ní Saint-Denis lẹ́bàá Paris, níbi tí Suger ti jẹ́ olórí ilé àwọn mọ́ńkì, wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sí apá tí wọ́n ṣí ní 1144. Ibẹ̀ ni Gọ́tíìkì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni apá òkúta tó ń fò lórí òrùlé ẹ̀gbẹ́ dé, tó ń gba títì òrùlé àárín lọ sórí òpó àtìlẹ́yìn tó wà níta. Ṣóńṣó òkúta tí ẹ ń rí lórí òpó ìta náà kì í ṣe fáàrí lásán o. Ìwúwo rẹ̀ ń tẹ òpó mọ́lẹ̀ kí títì yẹn má baà dà á nù.

Bí ògiri kò ti gbé ẹrù mọ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ dí i. Lọ́wọ́ kan náà ni ìdíje gíga òrùlé inú bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn kàtídírà ilẹ̀ Faransé: Chartres, bíi mítà 37, Amiens, mítà 42, Beauvais, mítà 48. Ti Beauvais wó ní 1284, ọdún 12 péré lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó kọ́kọ́ yẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀: wọ́n ki òpó tuntun bọ àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò gbọ́n síbẹ̀. Wọ́n gbé ilé ìṣọ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ ju mítà 150 lọ sílẹ̀ lé e lórí nígbà tí wọn ò tíì kọ́ apá ìwọ̀ oòrùn tí ì bá máa fẹ̀yìn tì í. Ní 1573, ó wó.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀ṣì onífèrèsé ṣóńṣó, ẹ bọ́ síta kí ẹ yí i po. Bí ẹ kò bá rí òpó àtìlẹ́yìn kankan, tó sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù àti páànù ló gbé e ró, aṣọ Gọ́tíìkì ló wọ̀.

Àwọn ará Ítálì kò gba ìdí gíláàsì lọ bẹ́ẹ̀. Ògiri wọn ṣì fẹ̀ gbalasa, òun ló sì fún àwọn ayàwòrán wọn níṣẹ́. Nínú ilé àdúrà Scrovegni ní Padua, tí Giotto kùn ní nǹkan bí 1305, ìwọ̀n ògiri tí iṣẹ́ ọjọ́ kan lè ká ni wọ́n ń rẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n á kùn ún kó tó gbẹ. Bí ẹfun inú rẹ̀ bá ti gan, àwọ̀ ti di ara ògiri nìyẹn. Leonardo kò fẹ́ kí nǹkan kan máa lé òun eré, ló bá ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sára ògiri gbígbẹ ní Milan, láàárín 1495 sí 1498. Kò tíì kú tí àwọ̀ náà ti ń ṣí.

Flọ́rẹ́ǹsì ni ìgbà ọ̀tun, Rìnésáǹsì, ti jáde. Kàtídírà wọn lanu sókè, ihò onígun mẹ́jọ tó fẹ̀ tó mítà 45, ó sì ju mítà 50 lọ sílẹ̀. Níbo ni kápẹ́ńtà yóò ti rí igi tí yóò fi gbé irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ró títí yóò fi gan? Láàárín 1420 sí 1436, Brunelleschi kọ́ ọ láìfi igi gbé e ró láti ìsàlẹ̀. Ìpele méjì ni, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ó ń da bíríkì kan dúró láàárín àwọn tó sùn, kí wọ́n há ara wọn mọ́ kí àpòpọ̀ tó gbẹ. Ó wá fi òkúta àti irin dè é nídìí yíká kí ó má fẹ̀ síta. Ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, tí wọ́n parí ní 1590, là débi pé wọ́n ní láti fi òrùka irin kún un ní àwọn ọdún 1740.

Barókì, àrà ìkọ́lé tó tẹ̀ lé Rìnésáǹsì, kò mú ọ̀nà ìgbẹ́rù tuntun wá. Ògiri ló ń tẹ̀ wọlé tẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń fi ọ̀ṣọ́ bò ó. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rìn jìnnà: láti Pọtogí dé Bràsíl, láti Bràsíl dé Èkó lọ́wọ́ àwọn Àgùdà. Ẹ wo iwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa sì ni olórí àwọn tó kọ́ ọ.

Irin ló tún da gbogbo rẹ̀ rú. Ní Chicago, ní 1885, irin gbé ilé alájà mẹ́wàá. Ògiri di aṣọ lásán, òrùlé pẹrẹsẹ sì di àṣà. Ní ilẹ̀ òjò, òrùlé pẹrẹsẹ nílò ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ àti ihò omi tó pọ̀ tó. Villa Savoye, ilé kan lẹ́bàá Paris tí ayàwòrán ilé Le Corbusier parí ní 1931, jò débi pé onílé ń kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí i. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Jámánì, fi ọgbọ́n mìíràn pàdé òjò àti oòrùn ní yunifásítì Ifẹ̀: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òkè máa ṣíji bo fèrèsé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré kò lè nà síta bẹ́ẹ̀ láìsí òpó lábẹ́ etí rẹ̀ bí kò bá ní irin nínú, irin náà sì gbọ́dọ̀ wà lápá òkè, torí òkè ni irú àjà bẹ́ẹ̀ ti ń fà ya.