Òṣómàáló inú ẹ̀jẹ̀: áńtíbọ́dì tó wọ aṣọ títàn, àti ohun tó ń wá lára sẹ́ẹ̀lì T

Àbúrò mi tó ń ṣe másítàsì ní Ifẹ̀ wá sílé ní Ìléṣà lọ́jọ́ Sátidé kan, ó na fóònù sí mi: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ síbí.” Àwòrán ìgò kékeré kan ni, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni “anti-human TCR αβ, FITC”. Áńtíbọ́dì tó ń wá ohun kan lára sẹ́ẹ̀lì T èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní olùkọ́ àwọn ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, àmọ́ kò yé òun. Mo ní kó jókòó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ọmọ Òṣómàáló! Irú ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó le fún un rárá.

Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta aṣọ. Wọn a gbé e fún oníbàárà láwìn, wọn a máa lọ. Tí ọjọ́ owó bá pé, bàbá a padà dé, kò ní jà, kò ní pariwo, yóò kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: “Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi.” Bó bá gba iwájú ogún ilé kọjá, kò ní yà síbẹ̀. Ilé tó jẹ ẹ́ lówó ló mọ̀, tó bá sì ti débẹ̀, kò ní dìde bọ̀rọ̀.

Bí áńtíbọ́dì ṣe rí nìyẹn. Purotéènì ni, ó rí bíi lẹ́tà Y, orí ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń di nǹkan mú. Nǹkan kan pàtó ló bá ẹnu rẹ̀ mu. Ara wa ló ń ṣe é láti fi mú kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ lè mú kí ara ẹranko ṣe èyí tí yóò máa wá ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ rí.

Ibi tí àwọ̀ ti wọlé nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo Òṣómàáló tó jáde lónìí ló wọ aṣọ kan tó máa ń tàn lóru. Ẹni tó bá dúró lórí òkè kò ní rí onígbèsè, kò tilẹ̀ ní mọ ojú wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ni yóò rí, yóò sì fi mọ ilé tí gbèsè wà. FITC tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn, aṣọ náà ni. Aró kan ni, tí wọ́n so mọ́ áńtíbọ́dì. Tí a bá tan iná búlúù sí i, yóò gba iná náà mọ́ra, yóò sì dá a padà ní àwọ̀ ewé. Iná lésà tí wọ́n sábà máa ń lò fún un jẹ́ 488 nánómítà, èyí tó sì ń jáde wà ní nǹkan bíi 520. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn oníbáǹkì ṣe ń fi iná aláwọ̀ àlùkò yẹ náírà wò, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ wá ń tàn, ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1941 ni Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard kọ́kọ́ so aró títàn mọ́ áńtíbọ́dì. Àmọ́ inú omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni wọ́n ti ń rí áńtíbọ́dì nígbà náà, oríṣiríṣi ló sì dà pọ̀ mọ́ra. Ọdún 1975 ni Köhler àti Milstein, ní Cambridge, so sẹ́ẹ̀lì eku tó ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú kan ṣoṣo, iye tó bá wù wọ́n. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1984.

Ilé onígbèsè wá ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì T jẹ́ ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara. TCR ni ojú tó fi ń mọ ọ̀tá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló sì wà lára sẹ́ẹ̀lì kan. Ẹyọ méjì ló so pọ̀ di ojú kọ̀ọ̀kan: alpha àti beta ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ, gamma àti delta ni ti àwọn ìyókù. Ohun tó ya mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé gbogbo ojú tó wà lára sẹ́ẹ̀lì kan ló jọra, àmọ́ ti sẹ́ẹ̀lì kejì lè yàtọ̀ pátápátá. Èyí ń mọ ibà, èyí ń mọ kòkòrò ikọ́ fée, òmíràn ń dúró de àrùn tí kò tíì dé sílé ayé.

Ní láàbù, a ó da áńtíbọ́dì náà mọ́ sẹ́ẹ̀lì, a ó gbé e sórí yìnyín fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó sì fi omi iyọ̀ ṣàn wọ́n. Èyí tí kò bá ríbi jókòó sí yóò bá omi lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní flow cytometer yóò tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan gba iwájú lésà, bí èrò ṣe ń gba ẹnu géètì kékeré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó bá tàn, ẹ̀rọ yóò kà á. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ẹbí rẹ̀ lọ sí kíliníìkì HIV ti gbọ́ “CD4” rí, ìyẹn àmì kan lára irú sẹ́ẹ̀lì T kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka CD4 ló ń lo ọgbọ́n yìí kan náà.

Àbúrò mi ní, “Ṣé pé tí mo bá rí àwọ̀ ewé, mo ti mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yẹn ń bá jà?” Rárá o! Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyẹn. Apá ibi tí TCR ti jọra ní gbogbo ilé ni áńtíbọ́dì inú ìgò yẹn ń dì mú. Ohun tó ń sọ ò ju pé “sẹ́ẹ̀lì T onílé alpha-beta nìyí” lọ. Anti-CD3, ìyẹn áńtíbọ́dì tó ń wá CD3, tún gbòòrò jù ú lọ, nítorí CD3 ni ẹmẹ̀wà tó ń bá gbogbo TCR rìn. Àwọn áńtíbọ́dì kan wà tí wọ́n ń wá ìdílé Vβ kan pàtó, ìyẹn apá kan lára beta tó yàtọ̀ láti ìdílé sí ìdílé. Ìyẹn sún mọ́ ọn díẹ̀, bí ẹni mọ agboolé tí kò mọ yàrá. Tó bá jẹ́ ọ̀tá tí ojú náà mọ̀ lo fẹ́ mọ̀, wàá fi áńtíbọ́dì sílẹ̀ gbé tetramer. Wọ́n gbé èyí jáde ní 1996: ègé kékeré lára kòkòrò àrùn ni wọ́n gbé sórí MHC, ìyẹn àwo tí ara fi ń gbé irú ègé bẹ́ẹ̀ han sẹ́ẹ̀lì T, wọ́n wá so mẹ́rin pọ̀, wọ́n fi aró sí i. A ò rán agbowó mọ́ nìyẹn. Aṣọ tí bàbá ń tà gan-an la gbé dání, tí à ń wo ẹni tí yóò na ọwọ́ mú un. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́rin ni pé ọwọ́ TCR kì í le lára ẹyọ kan, kì í pẹ́ tú sílẹ̀.

Àwọ̀ náà máa ń parọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú dà bí ilé àlàpà: kò ní ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè wọlé lọ jókòó. Nítorí náà la ṣe ń fi aró mìíràn dá òkú mọ̀, ká lè yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì míràn sì wà tí wọ́n máa ń fa áńtíbọ́dì ní ìrù wọlé, láìjẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. A ó kọ́kọ́ fi áńtíbọ́dì tí kò láwọ̀ dí wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì T tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ọ̀tá rẹ̀ máa ń fa TCR rẹ̀ wọnú, tí àwọ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́ nínú yàrá.

Áńtíbọ́dì fúnra rẹ̀ náà lè kanlẹ̀kùn jí onílé. Anti-CD3 kan wà, OKT3, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1986 fún àwọn tí ara wọn ń kọ kíndìnrín tí wọ́n fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń lò ó, ó máa ń jí sẹ́ẹ̀lì T lójijì, ibà líle a sì dìde sí ẹni tí wọ́n gún un fún. Ìdí kan nìyẹn tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí yìnyín: kí sẹ́ẹ̀lì má baà jí, kó má sì fa ohun tí à ń wò wọlé.

“Bébà fóìlì yìí ńkọ́?” Ó tún nawọ́ sí àwòrán náà, wọ́n fi bébà tó ń dán bò ìgò kejì. Ìmọ́lẹ̀ ló ń pa aró. Èmi fúnra mi gbé àpótí áńtíbọ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rí, ní ọ̀sán gangan, mo lọ jẹ àmàlà. Nígbà tí mo dé, áńtíbọ́dì ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń di sẹ́ẹ̀lì mú dáadáa. Aṣọ rẹ̀ ló ti ṣá, ẹ̀rọ ò rí i mọ́. Mo sọ fún un pé fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí iná bá lọ, kó wá kúlà, ṣùgbọ́n kó má ṣe sáré gbé e sínú fìrísà o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aró yìí ni dídì máa ń bàjẹ́.