Bébà Dúdú Tí Gotham Ti Jáde: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Kátúùnù Batman Ti Ọdún 1992

Ẹ dá kátúùnù Batman: The Animated Series dúró níbi tí òru ti ṣú bo Gotham, ìlú Batman, kí ẹ wá wo inú òkùnkùn tó wà láàárín ilé méjì. Ẹnikẹ́ni ò kun ọ̀dà síbẹ̀. Bébà gan-an lẹ̀ ń wò yẹn.

Lórí bébà funfun làwọn ayàwòrán kátúùnù ti máa ń ya àwòrán ẹ̀yìn, ìyẹn ilé, ojú pópó àti òfuurufú tó wà lẹ́yìn àwọn òṣèré. Ẹni tó bá fẹ́ ya òru á máa kun ọ̀dà dúdú lé ara wọn títí funfun ò fi ní hàn mọ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bàjẹ́: àwọ̀ á kú, igun ilé á wọ inú ara wọn, gbogbo rẹ̀ á wá rí bí ẹrẹ̀. Eric Radomski, ọ̀kan lára àwọn méjì tó ṣe olóòtú eré náà, ló yí i po. Ó ní bébà dúdú ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ kan kìkì ibi tí iná bà: etí òrùlé, fèrèsé kan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára òpó iná. Ìyókù, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ ni ìlú náà ti gba ìrísí tí wọ́n ń pè ní "Dark Deco", ìyẹn ọnà ilé Art Deco àtijọ́ tí òkùnkùn bò.

Fíìmù Batman ọdún 1989 ló ṣílẹ̀kùn. Owó ńlá wọlé, iléeṣẹ́ Warner Bros. sì fẹ́ kí orúkọ náà ṣì máa ta. Jean MacCurdy, ọ̀gá ẹ̀ka kátúùnù wọn, sọ nípàdé fáwọn òṣìṣẹ́ pé Batman wà lára ohun táwọn ń gbèrò. Bruce Timm, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kátúùnù Tiny Toon Adventures nígbà náà, padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya Batman. Radomski, táwọn méjèèjì jọ wà nídìí iṣẹ́ kan náà, lọ kun Gotham tirẹ̀. Nígbà tí MacCurdy rí ohun táwọn méjèèjì gbé wá, ó ní kí wọ́n jọ ṣe fíìmù kékeré kan wò. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ: olè, òrùlé, ìjà. Òun ló mú kí wọ́n gbé gbogbo eré náà lé wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó tíì ṣe olóòtú eré rí nínú wọn.

Inú ìṣẹ́jú méjì yẹn náà ni àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ eré ti jáde. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ eré ò sí níbẹ̀ rárá. Òjìji ẹnì kan dúró lórí òrùlé, mànàmáná kọ, ẹ rí i pé Batman ni. Ta ló tún ń wá orúkọ lẹ́yìn ìyẹn?

Tí bébà dúdú bá jẹ́ ti Radomski, ìlà tó mọ níwọ̀n jẹ́ ti Timm. Ìdí rẹ̀ ò le: apá kan eré náà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Férémù, ìyẹn ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí já sí férémù 31,680. Ká tiẹ̀ ní férémù méjì méjì ni wọ́n fi àwòrán kan mú, 15,840 ṣì kù níwájú. Ìlà kan ṣoṣo téèyàn fi kún àyà Batman, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọn yóò tún un yà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì yà á. Àwọn kátúùnù akọni ìṣáájú fẹ́ràn kí wọ́n máa ya gbogbo iṣan ara bó ṣe wà nínú ìwé àwòrán; nígbà tí wọ́n bá wá mú un rìn, ìlà yẹn á máa gbọ̀n bíi pé ibà ń ṣe é. Timm ya àgbọ̀n Batman ní igun mẹ́rin, ó sì sọ aṣọ ìlékè di ohun kan gbòòrò tí kò ní wàhálà. Àwọn fíìmù kúkúrú Superman tí sítúdíò àwọn Fleischer bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lọ́dún 1941 wà lára ohun tó wò kọ́ṣẹ́.

Ìlà tó mọ níwọ̀n yìí tún ṣe pàtàkì torí pé òkè òkun, bíi Japan àti South Korea, ni wọ́n ti ń ya àwòrán tó ń rìn gan-an. Ohùn òṣèré ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Wọn á fi àwòrán kéékèèké to ìtàn, wọn á ya iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn èèyàn kọ̀ọ̀kan, wọn á sì kọ ọ́ ní férémù sí férémù bí ẹnu ṣe gbọ́dọ̀ ṣí. Gbogbo rẹ̀ á wá lọ. Ohun tí bébà ò bá sọ, àfi kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún fi òye gbé e. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà ò fi dọ́gba. Nínú apá kejì "Feat of Clay", tí sítúdíò Tokyo Movie Shinsha ní Japan yà, Clayface, ọ̀tá Batman tí ara rẹ̀ jẹ́ amọ̀, ń ṣàn, ó ń yọ́, ó ń yí padà lójú ẹni. Ní àwọn apá míì, Batman le gbagidi bí ère, ojú rẹ̀ ò sì jọ ti ìgbà tó wọlé.

Apá 65 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Iye yẹn ò ṣàdédé wá: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 13. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́ ní September 5, 1992. "On Leather Wings" ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ "The Cat and the Claw", ìtàn Catwoman, obìnrin olè tó ń múra bí ológbò, ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Ọdún yẹn náà ni Catwoman wà nínú fíìmù Batman Returns.

Andrea Romano ló ń darí ohùn. Kevin Conroy, òṣèré orí ìtàgé, fi ohùn kan ṣe Bruce Wayne, ìyẹn Batman nígbà tí kò bá wọ aṣọ akọni, ó fi òmíràn ṣe Batman. Tim Curry ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ipa Joker, ọ̀tá Batman tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, kó tó di pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mark Hamill tó gba ipò rẹ̀ bá àwòrán tó ti parí nílẹ̀ láwọn ibì kan, ó wá di dandan kó máa fi ẹ̀rín tirẹ̀ bá ẹnu tí wọ́n yà fún ohùn ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín yẹn ò dún bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti orin, Shirley Walker àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń kọ tuntun fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ olórin gidi ló sì ń lù ú.

Eré ọmọdé ni, torí náà wọn ò lè fi òkú hàn bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí òbí Robin, igbákejì Batman, máa kú nínú "Robin's Reckoning", àwọn méjèèjì fì kọjá lórí okùn, wọ́n kúrò lójú wa. Okùn náà fì padà. Ó ti já, kò sì sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn dunni ju ká rí wọn nílẹ̀ lọ.

Harley Quinn ńkọ́? Paul Dini, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ ìtàn eré náà, ń kọ apá "Joker's Favor", ó sì fẹ́ obìnrin kan láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn Joker. Arleen Sorkin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti wọ aṣọ aláwàdà ààfin rí nínú àlá kan lórí eré tẹlifíṣọ̀n Days of Our Lives. Dini mú aṣọ yẹn, ó mú ohùn Sorkin náà mọ́ ọn, Timm sì ya obìnrin náà ní pupa àti dúdú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fẹ́ lò ó. Lọ́dún 1993 ó wọ The Batman Adventures, ìwé àwòrán tó bá eré náà rìn. Nígbà tó di 1999, ó ti wọ inú ìtàn gidi tí DC, iléeṣẹ́ tó ni ìwé àwòrán Batman, ń tẹ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti wọ ìwé, nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé ni Joker, ọ̀gá rẹ̀, ti wá.