Ojú Àwo Kan, Abẹ́rẹ́ Kan

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó gíramafóònù àtijọ́ jọ, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, sábà máa ń rò ó báyìí: irin ni abẹ́rẹ́, àwo kì í ṣe irin, abẹ́rẹ́ ò lè tètè jẹ. Á wá fi ẹyọ kan gbọ́ ogún àwo. Bó bá fi ìka kàn án tó ṣì ń gún un, ó parí, abẹ́rẹ́ ṣì dára nìyẹn.

Irọ́ ni. Àwo àtijọ́ tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ike. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn oje tí kòkòrò kan máa ń yọ sára ẹ̀ka igi, òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n pò mọ́ ọn sì pọ̀ ju oje náà lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kí àwo tó yí lọ títí, òkúta yẹn á ti pọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ títí tí yóò fi bá poro inú àwo mu, ìyẹn ilà tóóró tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Abẹ́rẹ́ ló yẹ kó jẹ, kí àwo má baà jẹ.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Àwo oníńṣì 10 ń kọrin fún bí ìṣẹ́jú 3 lójú kan. Bí ẹ bá na poro ojú kan yẹn, ó lé ní 100 mítà, orí tó gbé abẹ́rẹ́ dání sì wúwo ju 100 gíráàmù lọ. Irin wo ni kò ní í jẹ? Nígbà tí orin bá fi parí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á ti tẹ́, etí rẹ̀ á mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Mímú yẹn gan-an ni ìka yín ń gbọ́! Ẹ gbé e lé àwo mìíràn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fá ògiri poro, ara ògiri yẹn sì ni orin wà. Ohùn tínrín ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ò fi pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé ẹ̀ẹ̀kan ni kí a lò ó, 200 ló sì sábà máa ń wà nínú agolo kan. Ìdí tí èèyàn á fi ra àwo olówó ńlá tán, táá wá máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ lò, kò yé mi.

Àwo tí ilé iṣẹ́ Edison gbé jáde ní ọdún 1912 yàtọ̀ ní tiẹ̀: dáyámọ́ńdì ló ń lò, kì í pààrọ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ irin ò sì gbọdọ̀ kàn án rárá. Àwo LP, ìyẹn àwo tó ń kọrin pẹ́, tó jáde ní 1948, ike ni. Ẹ má gbé e sórí gíramafóònù, á họ ọ́ dànù.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àwo, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lábẹ́ iná. Bó bá ti rí bí eérú níbi tí orin ti dún kíkankíkan, àfàìmọ̀ kí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ má ti máa fi ìka dán abẹ́rẹ́ wò.