Iyọ̀ softener kọ́ ló ń ba sókàwéè jẹ́

Ní òjò èṣí, Ìyá Ìbejì tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ní Lugbe, l'Abùjá, pè mí wá wo ebè ewédú rẹ̀. Etí ewé ti jó gbẹ bí ẹni pé wọ́n fi iná rà á. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ funfun, ó sì ń dán. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni.

Sókàwéè rẹ̀ ló ti kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, ó sì sanwó ọkọ̀ tó ń fà á lẹ́ẹ̀mejì. Púlọ́ńbà wá wò ó, ó nàka sí ẹ̀rọ softener tí wọ́n so mọ́ bóòhóòlù kí ọṣẹ lè máa hó nínú omi rẹ̀. Ó ní, "Màmá, omi iyọ̀ ẹ̀rọ yìí ló ń pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀." Ló bá yọ páìpù ẹ̀rọ náà kúrò nínú sókàwéè, ó darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè, níbi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí bóòhóòlù tí gbogbo ilé ń mu.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní Kubwa, mo gbọ́ ọ ní Karu, mo tún gbọ́ ọ ní Kuje. Kò kan ẹni tó ń gbé Maitama tàbí Garki, torí páìpù ìjọba ló ń gbé ẹ̀gbin tiwọn lọ sí Wupa, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́. Àwa tí sókàwéè wà lẹ́yìn fèrèsé wa ló kàn, àwa náà ló sì ń náwó sí i. Ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Omi tó gba inú àpáta kọjá máa ń yọ́ kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù mọ́ra. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, àwọn náà ló ń di ẹfun sí ìdí kẹ́tùlù. Inú ẹ̀rọ softener, wóró kéékèèké kan wà tó pupa rúsúrúsú, tó rí bí ẹyin ẹja. Sódíọ̀mù ló wà lára wọn. Bí omi ti ń kọjá, wọ́n ń gba kálísíọ̀mù, wọ́n ń fi sódíọ̀mù sílẹ̀ dípò rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á yó, ẹ̀rọ á fi omi iyọ̀ fọ̀ wọ́n. Omi ìfọ̀ yìí ni púlọ́ńbà ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìfọ̀ kan lè gba iyọ̀ kílò 3. Ká ní gbogbo rẹ̀ dà sínú tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣáájú sókàwéè, tó gba lítà 4,000, lẹ́ẹ̀kan náà, kò tó gíráàmù 1 nínú lítà kan. Omi dírípù oníyọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń fà sí wa lára ní gíráàmù 9. Omi òkun ní nǹkan bí 35, kòkòrò àìfojúrí sì kún inú òkun bámúbámú.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà àti àjọ NSF, tó ń dán ohun èlò omi wò, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá tò dáadáa kì í pa kòkòrò inú tánkì, kì í sì í dí ilẹ̀ tó ń fa omi náà mu. Ti ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Lóòótọ́, sódíọ̀mù nìkan máa ń tú amọ̀ ká, amọ̀ á sì di ihò ilẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n kì í dá nìkan wá: gbogbo kálísíọ̀mù tí wóró wọ̀nyẹn ti gbà ló ń bá omi ìfọ̀ jáde, òun ló sì ń di amọ̀ náà mú.

Kí ló wá kún sókàwéè Ìyá Ìbejì? Mo ṣí orí ẹ̀rọ náà. Aago ni wọ́n fi tò ó: aago méjì òru, lójoojúmọ́, yálà wọ́n lo omi tàbí wọn ò lò ó. Ìfọ̀ kan ń da nǹkan bí lítà 200 nù. Lóṣù kan, ó di lítà 6,000, omi tí ẹnikẹ́ni kò fi wẹ̀. Ní oṣù kẹjọ tí ilẹ̀ Lugbe ti mu òjò yó, níbo ló fẹ́ gbà lọ? Omi tó bá ń ya wọ tánkì báyìí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ráyè rọlẹ̀; á gbé e lọ bá òkúta sókàwéè, á sì dí i. Iyọ̀ àpọ̀jù lálaalẹ́ pàápàá lè dá kún un, torí ìdọ̀tí kì í dì pọ̀ dáadáa nínú rẹ̀.

Ó sì dùn mí pé ilé tó ń sá fún iyọ̀ yìí ló ń da bílíìṣì àti ásíìdì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ìyẹn gan-an ni májèlé kòkòrò.

Kí ẹ tó ra softener, ẹ gbé omi yín lọ sí láàbù. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló ń pọ́n aṣọ funfun yín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irin ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní àsẹ́ tirẹ̀. Softener kì í pa kòkòrò àrùn. Ẹ sì fi ẹnu ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní kíṣìnì tí omi rẹ̀ kò gba inú softener kọjá, pàápàá bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nínú ilé.

A pààrọ̀ orí aago yẹn sí èyí tó ń ka iye omi tí wọ́n lò. Ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ló ń fọ̀ báyìí. Àpò iyọ̀ kílò 25 tí kì í pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sí àádọ́ta ọjọ́. A dá páìpù padà sínú sókàwéè, a gbẹ́ erùpẹ̀ funfun yẹn dànù, Ìyá Ìbejì sì ti gbin ewédú mìíràn síbẹ̀.