Ajá Tó Ń Sá fún Òjìji Ara Rẹ̀: Irú Ilé Wo Ló Yẹ Ẹ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ọkùnrin kan páàkì mọ́tò rẹ̀ síwájú ilé ìwòsàn àwọn ẹranko wa nítòsí Sábó, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Dókítà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi ajá kan tọrẹ. Mo fẹ́ èyí tó gbóná, tí olè ò ní lè sún mọ́." Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ajá náà ti rí wa kí a tó rí i. Ó ti wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, ìrù rẹ̀ wà láàrin itan, etí rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ orí, ó sì ń lá imú ara rẹ̀ léraléra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i lórí. Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fò gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó sì ń sáré yí ọgbà po, ó yí i tó ìgbà mẹ́wàá kó tó dúró. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ò rí i? Agbára wà lára ẹ̀. Ó máa ṣọ́lé dáadáa."

Mi ò fún un. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni. Ohun tó ń wá ni kò sí lára ajá yẹn. Ohun tó pè ní agbára, ìbẹ̀rù ni, ajá tó ń bẹ̀rù kì í sì í ṣọ́lé. Yóò gbó mọ́ ẹyẹ, yóò gbó mọ́ ọmọ aládùúgbò, yóò gbó mọ́ aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn, títí ará ilé ò fi ní dá a lóhùn mọ́ lọ́jọ́ tí olè bá dé lóòótọ́. Bí wọ́n bá sì há a mọ́ kọ̀rọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ló máa bù jẹ, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀yìnkùlé wa ti di ilé àwọn ajá tí kò lẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ra ọmọ ajá nígbà tó wà ní ọdún kejì, ó parí ẹ̀kọ́, ó ń lọ sin ìjọba ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ajá ò lè bá a wọ kámpù. Onílé ní òun ò fẹ́ ajá mọ́. Bàbá tó ni ajá kú, Èkó sì ni àwọn ọmọ ń gbé. Ẹlòmíràn á kàn so okùn mọ́ géètì wa lóru, á bá tiẹ̀ lọ. Àwọn tí ara wọn balẹ̀ nínú wọn kì í pẹ́ rí ilé. Àwọn tó ń bẹ̀rù, tí wọn ò sì lè jókòó sójú kan, ló ń pẹ́ lọ́wọ́ wa, tiwọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ìfura la sọ èyí tí mo ń wí yìí. Ajá ilẹ̀ wa ni, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun. Ó tó bí ọmọ ọdún kan àbọ̀ nígbà tó dé. Láti ọmọ oṣù méjì ni wọ́n ti fi ṣéènì so ó mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí a tú ṣéènì náà, irun ti tán ní ọrùn rẹ̀ yíká, awọ ibẹ̀ sì ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Ohun tó ṣe é rèé. Láti ìgbà tí ọmọ ajá bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ló ń mọ ayé. Ohunkóhun tó bá rí, tó gbọ́, tó gbóòórùn rẹ̀ lásìkò yẹn, tí kò sì pa á lára, ará ilé ló kà á sí: ọmọdé, arúgbó, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀, ìlù, agboòrùn tí wọ́n ṣí lójijì. Ohun tí kò bá mọ̀ títí àsìkò yẹn fi kọjá, ọ̀tá ló sábà máa ń kà á sí. Ní 1961, àwọn onímọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n fi ọgbà gíga yí ká. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ìyá wọn wà lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò bá èèyàn pàdé. Àwọn tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ kan péré nígbà tí wọ́n pé bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́sàn-án mọ èèyàn dáadáa lẹ́yìn náà. Àwọn tí kò bá èèyàn ṣe pọ̀ títí ọ̀sẹ̀ 14 dà bí ẹran ìgbẹ́.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dùn mọ́ mi bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń yára sọ pé, "Wọ́n ti na ajá yìí jù níbi tó ti ń bọ̀." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajá tó ń bẹ̀rù ni ẹnikẹ́ni ò nà rí. Ayé ni wọn ò rí. Bí ẹ bá rò pé ẹgba ló bà á jẹ́, ẹ ó máa kẹ́ ẹ, ẹ ó máa gbá a mọ́ra, ẹ ó máa wá a lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì láti fà á jáde kó lè mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun. Fún ajá tí kò mọ èèyàn, kò sí ohun tó bani lẹ́rù tó ìyẹn.

Kí n tó pe ajá kankan ní oníbẹ̀rù pàápàá, ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ajá tí etí ń dùn, tí eyín rẹ̀ ti jẹrà, tàbí tí ibà eégbọn ń bá fínra, kò ní fẹ́ kí ọwọ́ kan òun. Mo ti rí èyí tí wọ́n ní ó ya òǹrorò, tó jẹ́ pé oògùn etí ọ̀sẹ̀ méjì ló nílò.

Ti eré sísá rẹ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí a jẹ́ kó sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ara tó rẹ̀ yàtọ̀ sí ọkàn tó balẹ̀. Ajá tó ń sáré yípo bí Ìfura ṣe ń ṣe, ìbẹ̀rù ló ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, bó bá sì rẹ̀ ẹ́ tán, ìbẹ̀rù náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ó nílò ìrìn lóòótọ́, ní ìdájí kí oòrùn tó mú, kí ọ̀kadà sì tó pọ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ imú ni mo rí tó ń wò ó sàn jù. Dípò kí ẹ da oúnjẹ rẹ̀ sínú abọ́, ẹ fọ́n ọn sínú koríko, ẹ fi díẹ̀ sábẹ́ páálí, ẹ fi díẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò òdòdó, kó máa fi imú wá a kiri. Bí ajá bá ń fi imú wá nǹkan, orí rẹ̀ á wálẹ̀, èémí rẹ̀ á máa lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti le á dẹ̀. Ẹ ó fi ojú ara yín rí i.

Nísinsìnyí, ilé. Gbogbo ẹni tó bá wá ló máa ń sọ fún mi pé òun ní sùúrù. Mi ò kì í jiyàn, àmọ́ géètì wọn ni mo máa ń béèrè. Ilé tí ìdílé mẹ́fà jọ ń lo ẹnu ọ̀nà kan, tí ẹnìkan ń wọlé tí ẹnìkan ń jáde láti ìdájí, kò lè gba irú ajá yìí, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ ẹ láàánú tó. Ó máa sá jáde. Mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn méjì wà láàrin ajá àti títì. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń wà nílé lọ́sàn-án. Mo máa ń béèrè ọmọ kéékèèké, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè ṣe kó má sáré, kó má kígbe, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Bí ilé bá jẹ́ ti àwọn tó ń kírun, a ó jọ sọ ibi tí ajá yóò máa gbé, kí ó má di ìjà lọ́jọ́ iwájú. Bí ajá àgbà kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ bá sì ti wà nílé náà, inú mi máa ń dùn gan-an, torí ajá máa ń wo ojú ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá nǹkan léwu tàbí kò léwu.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe lórí Ìfura. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé lójú ọ̀nà Ìlọrin wá, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, ilé wọn tóbi, mo sì yára. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n lo bẹ́líìtì tó ń gba àyà àti ẹ̀yìn kọjá, mo so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó ń kọ́ ọmọ wọn ní lẹ́sìnnì ṣí géètì, Ìfura bọ́ orí kúrò nínú okùn, ó sì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbá tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo, wọ́n sì lé e wọ inú oko kaṣú. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀. A ò rí i mú àfìgbà tí mo bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n má lé e mọ́, tí a ń gbé oúnjẹ àti àpò tó máa ń sùn lé lọ síbì kan náà lálaalẹ́, tí a ń fi í síbẹ̀, tí a ń lọ. Nígbà tó padà dé, ẹ̀gún wà ní mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì jẹun níṣojú èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí a ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ lófo. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìyá tó gbà á lẹ́yìn náà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ ní ọgbà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan tó ti ń lọ ní ọdún 16 ló ń bá a gbé, pẹ̀lú ajá àgbà kan tí kì í dìde láìnídìí. Ìgbà méje ni màmá yìí wá sẹ́yìnkùlé wa kó tó mú Ìfura lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí n pe ajá fún un. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Dókítà. Ẹ jẹ́ kó máa rí mi bí ògiri ná." Ó jókòó lórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí ajá, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, ó ń bó o. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìbojúwẹ̀yìn, á sọ ẹ̀dọ̀ adìẹ bíbọ̀ tí kò ju èékánná lọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ìfura ò jẹ ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ ẹ́ nígbà tí màmá ti lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó na ọrùn gbọọrọ, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà, ó ti múra àtisá. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo dúró ti fèrèsé, mo rí i tó fi imú kan ìṣẹ́tí ìró màmá. Màmá mọ̀ ọ́n lára. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ó ń bó o lọ bíi tàtẹ̀yìnwá. Kò yíjú. Ohun tí mò ń pè ní sùúrù nìyẹn, mi ò sì rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹni tó bá gba irú ajá bẹ́ẹ̀, kó fọkàn sí i pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè má jẹun, ó lè má sùn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò ti mọ ìlànà ilé. Bí oṣù mẹ́ta ni yóò tó gbà pé ibẹ̀ ni ilé òun. Ti òmíràn máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má pe àlejò wá wò ó. Ẹ ṣe kọ̀rọ̀ kan fún un tí ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀ lé e dé. Bó bá kùn, ẹ má lù ú. Ajá tí wọ́n lù nítorí pé ó kùn á kọ́ láti dákẹ́, lọ́jọ́ mìíràn, eyín lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ní oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ ń yin báńgà, ẹ tètè mú un wọ inú yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì tan rédíò.

Ajá kankan kì í jáde lọ́dọ̀ wa láìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ajá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìrí káàdì rẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta ni à ń gún un, a sì ń tún un gún lọ́dọọdún. Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é, àti pé nínú èèyàn 100 tó ń kó o, bí 99 ló ń kó o láti ara ajá. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran lè máa wò ó fún ọjọ́ 10.

Mo lọ wo Ìfura lóṣù tó kọjá. Ó pé oṣù méje tó ti wà níbẹ̀. Ó rí mi, ó sá wọ ẹ̀yìn ajá àgbà, ó yọjú, ó tún padà. Bí wọ́n bá gún odó lójijì ládùúgbò, abẹ́ tábìlì ló ṣì ń sá sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ-ọmọ màmá mú bẹ́líìtì àyà rẹ̀ kúrò lára ìṣó, òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ó sì dúró kí wọ́n dè é mọ́ òun.

Méjì bíi tirẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò wọ́n, kó wá lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá ti tán. Kó má mú ọmọ wá nígbà àkọ́kọ́. Àpótí wà níbẹ̀. Kó jókòó, kó kọ ẹ̀yìn sí wọn, bó bá sì níṣẹ́ tó lè máa fọwọ́ ṣe, kó mú un dání.