Afẹ́fẹ́ tó wọlé, ọ̀nà wo ló máa gbà jáde?

Láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹta, ẹ jáde síta ní Láagéré, nílùú Ifẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ ó rí i pé ìta ti ń tutù. Ẹ padà wọ yàrá, ooru á gbá yín lójú, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní ṣíṣí gbayawu. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ìdajì ẹjọ́ nìyẹn. Èyí tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde.

Páànù tó ti dípẹtà máa ń gba oòrùn mọ́ra gan-an. Lọ́sàn-án gangan ó lè gbóná kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó ń ta ooru yẹn sí àjà, àjà ń ta á sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ń gba tirẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, oru ló sì máa ń dá a padà sínú yàrá. Afẹ́fẹ́ tó bá fara kan wọn á fúyẹ́, á gòkè, á lọ dúró sábẹ́ àjà. Bí orí fèrèsé bá fi ẹsẹ̀ bàtà méjì rẹlẹ̀ sí àjà, ibẹ̀ ti di adágún nìyẹn.

Ẹ lè fojú rí adágún náà. Omi iyọ̀ wúwo ju omi lásán lọ, ó máa ń rì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, ó máa ń gòkè. Nítorí náà, bí a bá dorí yàrá kodò sínú omi, omi iyọ̀ á ṣe ohun tí ooru ń ṣe. Ọgbọ́n yìí ni Paul Linden àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì Cambridge fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1990. Ike àti sóbò ti tó fún tiwa.

Ẹ rọ omi kún ike ńlá kan tí a lè rí inú rẹ̀ kedere. Ẹ mú ike oúnjẹ tó ní ìdérí, tí òun náà mọ́ gaara, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ nítòsí ìdérí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba bírò. Ẹ lu ọ̀kan sí àárín ìdérí. Kó tó kan omi, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ti ìdí, kí ẹ so òwú mọ́ ọn. Ẹ gbé e lé òkúta méjì nínú omi, kí omi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sì fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ lórí kó má léfòó. Ẹ wá po ṣíbí ìjẹun iyọ̀ méjì mọ́ lítà kan sóbò tó ti tutù, tí kò ní ṣúgà. Rọ́bà dríìpù tuntun ni kí ẹ fi dà á gba àárín ìdérí wọlé, díẹ̀díẹ̀. Bó bá yára jù, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan.

Pupa á rì, á tẹ́ sísàlẹ̀, á máa ga títí á fi kan àwọn ihò ẹ̀gbẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ dorí fọ́tò náà kodò: yàrá yín nìyẹn, ooru kún un láti àjà dé ojú fèrèsé. Ẹ wá fa òwú kí sẹ́lótéèpù ṣí, bí ẹni lu ihò sábẹ́ àjà. Pupa á máa gba ìdí jáde, omi mímọ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìlà tó wà láàrin wọn á sì dúró sójú kan. Ẹ fi iyọ̀ kún sóbò náà sí i, ìlà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira! Bí ihò ti tóbi tó àti bí yàrá ti ga tó ló ń sọ ibi tó máa dúró, kì í ṣe bí ooru ti pọ̀ tó. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ há sẹ́nu ihò kan. Ẹ fi ìka nù ún kúrò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti yàrá gidi, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní ìbú àti ní òró, mítà mẹ́ta ní gíga. Ká ní ojú ihò ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà onígun mẹ́rin, ti òkè náà bẹ́ẹ̀, mítà méjì wà láàrin wọn, inú ilé sì fi ìwọ̀n 3 gbóná ju ìta lọ. Láìsí atẹ́gùn kankan, afẹ́fẹ́ yàrá náà á pààrọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ti òkè bá kéré sí ìdá márùn-ún, ó di ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ihò tó kéré ló ń pàṣẹ, ẹ̀yin ìbáà fẹ fèrèsé ìsàlẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Búlọ́ọ̀kù oníhò tó jẹ́ mẹ́wàá lábẹ́ àjà, tí ìdajì ojú wọn ṣí, ti tó ìdajì mítà onígun mẹ́rin yẹn. Ẹ sọ fún birikilà kó tó rẹ́ ògiri.

Fèrèsé gíláàsì tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí láéláé. Lúfà sàn jù ú lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wu àwọn onílé mọ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, pàápàá tí eruku ọyẹ́ bá ti bò ó: ẹ fọ̀ ọ́. Ibi tó wà láàrin ògiri àti páànù, tí wọ́n ń fi pákó dí nítorí àdán, wáyà nẹ́ẹ̀tì ló yẹ ẹ́.

Ẹni tó bá mọ ọgbà OAU á rántí àwọn ilé tí òkè wọn fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Arieh Sharon tó ya àwòrán wọn fẹ́ kí òkè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀, kí oòrùn àti òjò má bàa kan fèrèsé. Fèrèsé tí òjò kò lè dé inú rẹ̀ ni èèyàn lè ṣí sílẹ̀ sùn. Òrùlé tí wọ́n fi ògiri yí po, tó gbòde báyìí, kò ní ìyọsíta kankan. Ẹwà rẹ̀ kò tó owó iná tó ń fà.

Ó ku àlàfo àárín ilé méjì. Bí ilé bá ga mítà mẹ́fà tí àlàfo sì jẹ́ mẹ́ta, atẹ́gùn á kàn máa fò lókè ni, èyí tó bá bọ́ sáàárín á máa yí po níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí! Èéfín rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà lọ, fèrèsé ló máa gbà wọlé, èyí tó sì ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn. Gbangba ni kí ó wà, kó jìnnà sí fèrèsé ní mítà mẹ́fà ó kéré tán, ní ìhà ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Ní Ifẹ̀, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá ní ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà àríwá ìlà oòrùn ilé ló dára fún un. Tí ọyẹ́ bá dé, atẹ́gùn á yí padà, ẹ tún un gbé.