Bí ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná owó Kòrónà àwọn àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó

Tí ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́nà Ọ̀jọ́ bá kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba lónìí pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná owó Kòrónà tí wọ́n ní ó wà fáwọn àgbẹ̀, ọjọ́ 7 péré ni Freedom of Information Act, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, fún wọn láti fèsì, wọn ò sì gbọdọ̀ bi í pé kí ló kàn án níbẹ̀. Ìjọba kọ́ ló dédé ṣe é fún wa o, àwọn èèyàn ló jà fún un, ó lé lọ́dún 15 tí wọ́n fi jà á, Èkó níbí ló sì ti gbéra.

1993 ni, ayé ológun, nígbà tí Media Rights Agenda àti Civil Liberties Organisation, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ méjì tí wọ́n fi Èkó ṣe ibùjókòó, pẹ̀lú NUJ, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó yẹ kí aráàlú lè rí fáìlì ìjọba. Ẹ rántí pé Official Secrets Act ti 1962 wà nílẹ̀, akọ̀wé tó bá fa ìwé ìjọba lé ẹ lọ́wọ́ lè bára ẹ̀ lẹ́wọ̀n, torí náà kódà ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún ẹ, ẹ̀rù á máa bà á. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999 wọ́n gbé àbá òfin náà lọ síwájú àwọn aṣòfin, ó ń lọ síwá sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2007, Ọbásanjọ́ ò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ 28 oṣù kárùn-ún 2011 ni Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ BudgIT bẹ̀rẹ̀ ní Yábà, wọ́n ń tú bọ́jẹ́ẹ̀tì palẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe akáúńtáǹtì lè kà á, iṣẹ́ ńlá nìyẹn lójú tèmi.

Ìgbà tí Kòrónà dé la wá rí ohun tí gbogbo ẹ̀ wà fún. Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta 2020, CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé bílíọ̀nù 50 náírà kalẹ̀, wọ́n ń gbà á ní NIRSAL Microfinance Bank, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ gbà á: ìdílé kan lè gbà tó mílíọ̀nù 3, okòwò kékeré tó mílíọ̀nù 25. Ẹ̀yáwó ni o, èlé 5% ló wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀fẹ́ ni, torí wọn ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa fáráàlú. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, àwọn èèyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, oúnjẹ tí CACOVID, àjọṣe àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó dáwó jọ nítorí Kòrónà, fi ṣèrànwọ́ kún ibẹ̀, ìjọba ní àwọn ò kó o pamọ́, pé àwọn ṣì ń pín in lọ́wọ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ká ní wọ́n ti ń lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde síta látìbẹ̀rẹ̀, a ò ní máa méfò.

SERAP, ẹgbẹ́ Èkó náà ni, tó ń jà pé kí ìjọba máa jíhìn, ti lo òfin 2011 yẹn gan-an. Lórí bílíọ̀nù 729 náírà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ pín fún tálákà mílíọ̀nù 24.3, wọ́n gba ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ lọ n'Íkòyí ní 2021, ó di 2024 kí adájọ́ tó ní kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ síta. Ó wá ku àwọn ìpínlẹ̀, torí àwọn kan ń jiyàn pé òfin àpapọ̀ ò kan àwọn, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ń pín ajílẹ̀ àti irúgbìn fáwọn àgbẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí iyàn yẹn, wọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn, Aláùsá, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, náà ò yọ sílẹ̀.